Ife ẹ̀yẹ bọ́, asáré kú, ìdìbò sún síwájú: Àlàyé lórí ìròyìn òpin ọ̀sẹ̀

 Ẹ kú ọjọ́ Ajé, ẹ sì kú ìpayà alẹ́ àná. Òní ni ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2024. Bí ẹ bá gbọ́ pé ohùn mi há, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ohùn tiyín náà kò ní já gaara láàárọ̀ yìí.

Bí a ti máa ń ṣe, mi ò ní ka ìròyìn lásán. Máa mú nǹkan mẹ́rin tó ṣẹlẹ̀, máa sọ bó ṣe jẹ́, máa sì sọ ohun tó kàn wá níbẹ̀: bọ́ọ̀lù Abidjan, ikú Kelvin Kiptum ní Kẹ́ńyà, ìdìbò tí wọ́n sún síwájú ní Senegal, àti ọ̀fọ̀ Herbert Wigwe. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń ta wá lára jù.

Bọ́ọ̀lù: báwo ni òkú ṣe jí tó wá gba ife?

Ivory Coast 2, Nàìjíríà 1. Pápá ìṣeré Alassane Ouattara ní Ebimpé, lẹ́bàá Abidjan, ni wọ́n ti gbá àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà náà. Balógun wa, William Troost-Ekong, ló kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 38. Ariwo tó sọ ládùúgbò mi nígbà yẹn, àfi bí ìgbà tí iná dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ìṣẹ́jú 62, wọ́n gbá kọ́nà, Franck Kessié fi orí dá a padà. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 81, Simon Adingra gbé bọ́ọ̀lù wá láti apá òsì, Sébastien Haller yọ ẹsẹ̀ sí i níwájú Troost-Ekong, ó wọlé. Ariwo tán ládùúgbò.

Ẹni tí kò bá bá ìdíje yìí bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ á ní, "Ṣebí àwọn ló gbàlejò, ó yẹ kí wọ́n gbà á." Rárá o. Àwọn tó na wá lánàá yìí ti kú tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kìíní, a na wọ́n 1-0 nínú pápá yìí kan náà. Lọ́jọ́ 22, Equatorial Guinea fi góòlù mẹ́rin sódo lù wọ́n lójú àwọn ará ilé wọn. Lọ́jọ́ 24, wọ́n ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jean-Louis Gasset, máa lọ sílé. Ìyẹn ni pé wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá kúrò nígbà tí àwọn fúnra wọn kò tíì mọ̀ bóyá àwọn ṣì wà nínú ìdíje.

Báwo wá ni ẹgbẹ́ tó pàdánù ìdíje méjì nínú mẹ́ta ṣe kù? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Orílẹ̀-èdè 24 ló wá, wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́fà. Ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ìkejì ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kọjá, ìyẹn 12. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ 16 ni wọ́n nílò fún ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Wọ́n á wá kó àwọn mẹ́fà tó ṣe ipò kẹta jọ, wọ́n á mú mẹ́rin tó dára jù nínú wọn. Àmì mẹ́ta péré ni Ivory Coast ní. Góòlù méjì ni wọ́n jẹ, márùn-ún ni wọ́n gbá wọlé wọn. Ó wá di pé kí wọ́n káwọ́ gbera, kí wọ́n máa wo ibi tí ẹlòmíràn ti ń gbá. Mòrókò ló gbà wọ́n sílẹ̀ nígbà tó na Sáḿbíà 1-0 lọ́jọ́ 24. Ká ní Sáḿbíà gbá ọ̀mì lásán lọ́jọ́ náà, àmì mẹ́ta ni òun náà á ní, gbèsè góòlù rẹ̀ á sì kéré sí tiwọn. Ivory Coast ì bá ti di èrò ìwòran nínú ilé ara rẹ̀.

Emerse Faé, tó jẹ́ igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, ni wọ́n wá fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó fi pẹnárítì lé Senegal, tó ni ife náà tẹ́lẹ̀, lọ sílé. Ẹni mẹ́wàá ló kù sórí pápá fún un tó fi na Málì 2-1 lẹ́yìn àfikún àkókò. Ó na Kóńgò Kinshasa 1-0, Haller ló gbá a wọlé. Lánàá, ó kàn wá.

Ẹ sì jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí Haller yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2022, kò tíì pẹ́ tó dé Borussia Dortmund ní Jámánì tí wọ́n fi rí àrùn jẹjẹrẹ nínú kórópọ̀n rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fún un ní oògùn líle, oṣù Kìíní ọdún 2023 ló tó padà sórí pápá. Nínú ìdíje yìí pàápàá, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù kankan ní ìpele ìsọ̀rí. Ọkùnrin náà ló gbá bọ́ọ̀lù tó gba ife lọ. Ó dùn mí pé àwa ló gbá a mọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè bínú sí i.

Kí ló wá ṣe àwa? Bí mo ṣe rí i nìyí. Gbogbo bí a ṣe ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn la fi ń gbára lé. A máa ń ti ilẹ̀kùn, a ó wá wá góòlù kan jẹ. Ó bá wa dé ibi tó dé: a na Kamẹrúùnù 2-0, a na Àǹgólà 1-0, Stanley Nwabali mú pẹnárítì méjì nínú ìdíje Gúúsù Áfíríkà. Lánàá, lẹ́yìn tí a jẹ góòlù tiwa, a tún padà sẹ́yìn lọ jókòó, àwọn sì gba bọ́ọ̀lù mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀ tí kò jáde rárá, ẹni tó ń kàn án lóde á rí ibi gbà wọlé nígbà tó bá yá. Síbẹ̀, Troost-Ekong ni wọ́n mú ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú gbogbo ìdíje náà. Mílíọ̀nù méje dọ́là ni Ivory Coast gbà, àwa gba mílíọ̀nù mẹ́rin. Ẹ má bú àwọn ọmọ náà, wọ́n ṣe gudugudu méje.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ sọ kí n tó kúrò lórí bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́rú tó kọjá, nígbà tí a gbá ti Gúúsù Áfíríkà, ìròyìn ti jáde pé àwọn ènìyàn kan ṣubú kú níbi tí wọ́n ti ń wò ó. Ẹ rántí bó ṣe rí: Victor Osimhen gbá bọ́ọ̀lù wọlé, a rò pé ó ti di méjì, ẹ̀rọ VAR ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó tún fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹnárítì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ayọ̀ di ẹ̀rù. Bí ìpayà bá dé báyìí, ara máa ń tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè. Ara ẹni tó lè gbé e á gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀ tí kò mọ̀, ibẹ̀ ni ewu wà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Orí lè má fọ́ ọ, ojú lè má kọ ọ́. Ẹ dákun, bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, ẹ yà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí ilé ìtajà oògùn lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n bá yín wọ̀n ọ́n. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ife ẹ̀yẹ mìíràn ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó bá wa láyé.

Kiptum: ọmọ ọdún 24 tó fẹ́ bá aago figagbága

Kí ọkàn wa tó balẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù ni ìròyìn burúkú dé láti Kẹ́ńyà. Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ àná, ọkọ̀ tí Kelvin Kiptum ń wà yà kúrò lójú ọ̀nà lẹ́bàá Kaptagat, ní agbègbè òkè tí àwọn asáré Kẹ́ńyà ti máa ń gbára dì. Ó kú. Olùkọ́ rẹ̀, Gervais Hakizimana, ọmọ Rùwáńdà, kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnì kẹta tó wà nínú ọkọ̀ náà farapa, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kiptum fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ n fi ìṣirò ṣàlàyé ẹni tó jẹ́. Eré márátọ́ọ̀nù jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn fi díẹ̀ jù ú lọ. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, ní Chicago, Kiptum sá a ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 35. Títí di ìgbà náà, kò sí ọmọ ènìyàn tó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje tó bófin mu. Ẹ gbìyànjú èyí: ẹ lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí yín, ẹ wọn mítà 100, kí ẹ sá a láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 17. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lè ṣe é. Ó wá ku kí ẹ tún un ṣe nígbà 421 sí i láì dúró. Ohun tí Kiptum ṣe nìyẹn.

Èyí tó yani lẹ́nu ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló sá márátọ́ọ̀nù láyé rẹ̀: Valencia ní oṣù Kejìlá 2022, London ní oṣù Kẹrin 2023, àti Chicago. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ipò kìíní. Ní Chicago, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 34 gba ipò lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀, Eliud Kipchoge, tí gbogbo ayé gbà pé kò sí ẹni tó lè bá a.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí Kipchoge ti sá a ní ohun tó dín ní wákàtí méjì ní Vienna lọ́dún 2019?" Òótọ́ ni, wákàtí kan, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni. Ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí. Ìdíje kọ́ ni. Òun nìkan ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Àwọn asáré mìíràn ń pààrọ̀ ara wọn níwájú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa dí i lọ́wọ́, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé omi fún un. Ohun tó kù láyé nígbà náà ni kí ẹnìkan ṣe é láàárín ọ̀pọ̀ èrò, nínú ìdíje gidi. Kiptum ti sọ pé òun á gbìyànjú ẹ̀ ní Rotterdam lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹrin. Oṣù méjì ló kù. Lọ́jọ́ 6 oṣù yìí ni àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá lágbàáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ Chicago náà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó gba ìwé rẹ̀ tí ikú fi dé.

Kì í ṣe òun nìkan ni ojú ọ̀nà Kẹ́ńyà ti gbà lọ. Nicholas Bett, tó gba góòlù àgbáyé nínú eré 400 mítà afò-igi lọ́dún 2015, jàǹbá ọkọ̀ ló pa òun náà lọ́dún 2018. Àwa náà mọ ọ̀nà tiwa. Ẹni tó ń rìnrìn àjò lálẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ibi tí ẹ ń lọ kò ní sá.

Senegal: nígbà tí olórí bá sún ọjọ́ tí yóò lọ

Ọjọ́ 25 oṣù yìí ló yẹ kí àwọn ará Senegal dìbò yan ààrẹ. Lọ́jọ́ 3, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ìpolongo bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ Macky Sall bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun ti fagi lé ìwé tó pe ìdìbò náà. Lọ́jọ́ 5, àwọn agbófinró kó àwọn aṣòfin alátakò jáde nínú ilé ìgbìmọ̀, àwọn tó kù sì dìbò pé kó di ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá. Ẹni 105 fọwọ́ sí i, ẹnì kan péré ló kọ̀ ọ́. Wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọ̀dọ́ jáde, ọlọ́pàá da tajútajú sí wọn, ẹ̀mí sì bọ́.

Ìdí tí Sall sọ ni pé àríyànjiyàn wà láàárín ilé aṣòfin àti Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ òfin ilẹ̀ wọn, lórí bí wọ́n ṣe yan àwọn olùdíje. Olùdíje 20 ni Ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí. Wọ́n yọ Karim Wade, ọmọ ààrẹ àná, nítorí pé ó ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fara ya, wọ́n ní kí wọ́n yẹ àwọn adájọ́ wò.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ lórí rédíò pé, "Kí ni babàrà níbẹ̀? Ṣebí wọ́n ti sún ìdìbò ní Nàìjíríà náà rí?" Ó yẹ ká ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀. Lọ́dún 2015, wọ́n sún tiwa láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Lọ́dún 2019, ọ̀sẹ̀ kan ni. Nínú méjèèjì, àjọ INEC ló sún un, kì í ṣe ààrẹ. Pàtàkì jù lọ, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún tí sáà ń parí kò yẹ̀. Òfin wa sọ pé ìdìbò kò gbọ́dọ̀ kọjá ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìparí sáà. Lọ́dún 2015 gan-an, ẹni tó wà lórí oyè ló pàdánù, òun ló sì gbé fóònù kí ẹni tó borí kí wọ́n tó parí kíka ìbò.

Ti Senegal yàtọ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ni sáà Sall parí. Bí ìdìbò bá di oṣù Kejìlá, ta ni yóò jókòó sórí àga láàárín ìgbà yẹn? Òun náà ni. Ìwé òfin wọn sì sọ ní abala 103 pé gígùn sáà ààrẹ wà lára ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùdíje alátakò fi gba ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ náà lọ. Adájọ́ méje ni wọ́n. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa wò lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá tó sì ti lé ní ogójì ọdún kò nílò kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí lára bí wọ́n bá gba ìbò mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. June 12 wà níbẹ̀. Ọdún 1993 ni, ọdún 1999 ni ìjọba alágbádá tó padà dé. Senegal kò tíì rí ìfipágbàjọba ológun rí, kò sì sún ìdìbò ààrẹ síwájú rí. Ilé tí kò tíì jò rí ni òjò ń rọ̀ sí yìí.

Ọ̀rọ̀ náà sì kan Àbújá. Lọ́jọ́ 28 oṣù tó kọjá ni Málì, Burkina Faso àti Niger sọ pé àwọn ń jáde kúrò nínú ECOWAS. Ààrẹ wa, Bola Tinubu, ló jẹ́ alága àjọ náà lọ́dún 2024. ECOWAS ti fìyà jẹ àwọn ológun tó gbàjọba. Bí ó bá wá dákẹ́ nígbà tí alágbádá fi bébà gbà á, kí ni yóò rí sọ fún ológun tó kàn? Ìkà tó ń fi bébà gba ẹ̀tọ́ àti èyí tó ń fi ìbọn gbà á, ọ̀kan náà ni lójú ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀.

Lánàá yìí kan náà, àwọn ará Finland dìbò ìpele kejì. Alexander Stubb fi díẹ̀ borí Pekka Haavisto, ìdá 51.6 sí 48.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó pàdánù kí ẹni tó borí, ààrẹ tó ti lo sáà méjì sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìròyìn náà kò gba ojú ìwé kankan níbí, nítorí pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn: ìdìbò tí kò ní ìròyìn.

Wigwe: ọ̀fọ̀ tó dé láti aṣálẹ̀

Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, hẹlikọ́pítà kan já ní aṣálẹ̀ Mojave ní California. Ẹni mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn kú: Herbert Wigwe, olórí Access Holdings, ìyàwó rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀, Abimbola Ogunbanjo tó ti jẹ́ alága ilé iṣẹ́ NGX Group, àti awakọ̀ òfurufú méjì. Las Vegas ni wọ́n ń lọ, níbi tí wọ́n ti gbá Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù alágídí àwọn ará Amẹ́ríkà, mọ́jú òní. Kansas City Chiefs ló gbà á, 25 sí 22, lẹ́yìn àfikún àkókò. Bàbá Ogunbanjo, agbẹjọ́rò àgbà Chris Ogunbanjo, oṣù Kẹwàá tó kọjá ló jáde láyé lẹ́ni ọdún 99. Ilé kan náà tún ni.

Ọ̀pọ̀ ti bi mí pé, "Owó tó wà ní báǹkì ńkọ́?" Ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́dún 2002, Wigwe àti Aigboje Aig-Imoukhuede gba báǹkì kékeré kan, wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Ṣùgbọ́n ipò tó wà báyìí, ilé iṣẹ́ ńlá tó ni báǹkì náà ló ń darí. Báǹkì fúnra rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà tirẹ̀ tó ń darí rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ní ìgbìmọ̀ olùdarí. Ikú ẹnì kan kò lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àtẹ̀jíṣẹ́ dẹ́rù bà yín, kí wọ́n sì máa béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn gbájú-ẹ̀ kì í ṣọ̀fọ̀.

Ká tó túká

Mo ti ń ronú láti àárọ̀. Àkókò ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní. Ivory Coast rí àkókò gbà nígbà tí wọn kò retí. Kiptum fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò fi ọgọ́rin ṣe. Wigwe ń lọ wo eré. Sall ní tirẹ̀, ó fẹ́ bù kún àkókò tí àwọn ará ìlú wọ̀n fún un. Nínú gbogbo wọn, ti ẹni tó kẹ́yìn yìí nìkan ni ẹ̀bùn tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ín.

 Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe. Lọ́la, bí Ọlọ́run bá jẹ́ ká jí ire, a ó wo ọ̀rọ̀ owó náírà àti dọ́là. Ẹ sì lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn o. Ó dàárọ̀.